Fìlà Òyìnbó Awọnrí

Òyìnbó tó wá wọn orí wa ní Ìlá, ní ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira, kò mọ̀ pé òun fẹ́ ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́. Èmi náà kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni ògbufọ̀ rẹ̀. Tíṣà ni mí nígbà náà, ọ̀dọ́bìnrin tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun gbọ́ ọ. Fìlà ni bàbá mi ń rán. Kò rán dàńṣíkí, kò rán ṣòkòtò, àfi fìlà.

Ìmọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń gbé láwùjọ ni òyìnbó náà ń kọ́. Ó ní àwọn kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ìmọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ti kọ ọ́ pé orí ni a fi ń mọ ẹ̀yà, pé àwọn tí orí wọn bá jọra, ibì kan náà ni baba ńlá wọn ti ṣí wá. Wọ́n tilẹ̀ to orí gbogbo ayé sí ipò kìíní, ipò kejì, bí a ṣe ń to ọmọ ilé ìwé. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè orí ta ló gba ipò kìíní. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ míì ti ń pa ọ̀rọ̀ náà tì, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tíì dé etí tirẹ̀.

Irin kan tó rí bí ẹ̀mú ló fi ń há orí èèyàn láàárín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé gbogbo èyí fún àwọn àgbà? Mo kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ wọn orí yín ni." Ní Ìlá, ta ní ń wọn orí èèyàn bí kò ṣe ẹni tó ń rán fìlà? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbọ́ ní Ọ̀tan pé òyìnbó ń rán fìlà ọ̀fẹ́. Àwọn kan fá orí kí ìwọ̀n lè péye. Bàbá kan ní kí n sọ fún un pé abetí ajá ni òun fẹ́, kí etí rẹ̀ má gùn jù. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Òyìnbó ṣí ojú ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sí, ó kọ etí ajá síbẹ̀.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníbàárà bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ wọn padà: "Ẹ má bínú, ti òyìnbó là ń retí." Bàbá mi kò dá ìkíni mi lóhùn mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, máṣíìnì ni wọ́n ń wò. Ó dùn mí dé ọkàn.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá mi wá bá wa níbi tí a ti ń wọn orí, téèpù lọ́rùn wọn.

"Ìwọ tíṣà, kí ni òyìnbó yìí ń fi orí àwọn èèyàn wá?"

Mo wá sọ òótọ́ níṣojú gbogbo wọn: kò sí fìlà, ibi tí baba ńlá wa ti ṣí wá ló ń wá. Àwọn èèyàn kùn. Bàbá mi ní kí òyìnbó jókòó. Wọ́n fi téèpù yí orí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣí fìlà orí ara wọn, wọ́n fi dé e lórí. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Orí wa dọ́gba," ni bàbá mi wí. "Bi í léèrè, ìgbà wo ni àwọn baba rẹ̀ kó kúrò ní Ìlá?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Àgbà kan ti súnmọ́ ọn, ó ń wò ó bóyá imú rẹ̀ jọ ti agbo ilé wọn. Òyìnbó ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi irin náà sínú àpótí, ó sì rọra bi mí bóyá bàbá mi lè bá òun rán abetí ajá kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ àwọn oníbàárà ti kún ṣọ́ọ̀bù padà. Orókùn mi kò tíì kanlẹ̀ tí bàbá mi fi dá mi lóhùn: "Káàárọ̀, ògbufọ̀."