Ìyá Ọkọ Tí Ìsìlámíyátù Pa

Ní gbogbo àdúgbò Ablogamé, kò sí apànìyàn tó Ìsìlámíyátù. Ó ti pa ọba mẹ́rin, ó ti sọ bí ọgọ́rùn-ún ìyàwó di opó, bẹ́ẹ̀ abọ́ àti ìkòkò ló ń tà lọ́jà, kò sì dú adìẹ rí. Ọ̀sán Sọ́ńdè nìkan ló ń pààyàn. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, á gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí àgbàlá, ìdílé mẹ́fà á gbé àga wá, á fi fíìmù Yorùbá sí i, á sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Mina fún wọn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìsìlámíyátù ò lè jókòó títí omi á fi hó. Bí fíìmù bá ń falẹ̀, á bá a sáré. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ kan ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn láti ibí dé Baguida, ìrẹsì sì ń jó lórí iná. Ìsìlámíyátù kàn wí fún wọn pé, "Ó ní àyà ń dun òun. Ó ti kú." Ló bá sáré lọ gbé ìrẹsì. Ibẹ̀ náà ni apá kìíní parí sí. Àgbàlá sunkún. Prisca, aránṣọ ọmọ Ewe tó ń gbé yàrá kejì, ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá náà ò kú rárá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Prisca mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì wọlé. Apá kejì fíìmù ìyá ọkọ yẹn ti dé sinimá, wọ́n sì kọ èdè Faransé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Tanti, lọ́tẹ̀ yìí ẹ máa sinmi. Èmi náà á kà á fúnra mi."

Ìsinmi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìsìlámíyátù. Ó nu abọ́ kan ṣoṣo nígbà ogójì. Ó sọ fún Prisca pé ariwo sinimá ń fọ́ etí, pé òtútù ibẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, pé ìdun wà nínú àga wọn. Prisca ní òun á mú aṣọ òtútù dání.

Sànúsí, ọkọ Ìsìlámíyátù, ò wọ sinimá rí láyé. "Ta ló ń sanwó kó tó jókòó sínú òkùnkùn? Bí wọ́n bá mú iná lọ níbí, ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn ò lè dá fíìmù dúró kó lọ kírun, kò lè na ẹsẹ̀, kò lè bú òṣèré kó dùn mọ́ ọn."

"Bàbá Fàdílátù, ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Prisca máa rí i pé ìyá yẹn ò kú."

"Ìwọ lo pa á. Lọ sin ín."

Òtútù inú sinimá náà lè tọ́jú ẹja Baguida fún ọdún kan gbáko. Ìsìlámíyátù yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Fíìmù ò tíì ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìyá ọkọ fi wọlé, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Prisca yíjú sí i. "Tanti. Ṣé ẹni tó kú kọ́ nìyí?"

"Ìbejì rẹ̀ ni." Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí òun alára tó gbọ́. "Kẹ́hìndé."

"Wọn ò kọ Kẹ́hìndé síbẹ̀."

"Ṣé gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń kọ ni? Wo bó ṣe ń rìn. Táíwò kì í rìn báyẹn."

Irọ́ kan bí mẹ́wàá. Ó fún Kẹ́hìndé lọ́kọ, ó mú un lọ gbé ní Kégué, ó fún un ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣàìsàn. Àwọn tó wà níwájú ní kó dákẹ́. Bàbá kan lẹ́yìn ní, "Màdáámù, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, ojú mi ò rí ìwé yẹn kà." Ó gbóhùn sókè. Àkókò yẹn nìkan ni ìdí rẹ̀ dúró lórí àga lọ́jọ́ náà. Àfi bí ẹ̀ṣọ́ ṣe tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú.

"Màdáámù, ẹ dákẹ́, àbí kẹ́ ẹ jáde."

Ó gbìyànjú láti dákẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú kan. Ó jáde.

Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ níta, títí ilẹ̀ fi fẹ́ lu. Nígbà tí fíìmù parí, Prisca jáde.

"Mo ka gbogbo rẹ̀, Tanti. Ìyá kan náà ni. Kò sẹ́ni tó kú."

Ìsìlámíyátù wo bàtà ara rẹ̀. Láti sinimá dé Ablogamé, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò gbé tẹlifíṣọ̀n jáde. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló dúró sí, ó ń nu abọ́. Àwọn ará ilé gbé àga wọn wá síbẹ̀síbẹ̀. Espoir tó ń tún ọ̀kadà ṣe ló kọ́kọ́ bi Prisca.

"Ìwọ lo rí apá kejì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Prisca wo Ìsìlámíyátù.

"Ẹni tó kú yẹn, ó ní ìbejì."

Gbogbo àgbàlá mí kanlẹ̀.

"Kẹ́hìndé. Kégué ló ń gbé." Prisca fa àga kan síwájú. "Òtútù ò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù. Tanti, ẹ wá parí ẹ̀."

Ìsìlámíyátù gbé abọ́ sílẹ̀. Kò rí ìparí fíìmù náà, ìdí nìyẹn tí ìparí ọ̀hún fi gba wákàtí méjì. Nígbà tí Kẹ́hìndé kú, Prisca sunkún ju ti àkọ́kọ́ lọ.