Ìdáhùn tí Màdáàmù Daigle Fi Ọdún Mẹ́ta Pamọ́

"Màdáàmù, ṣé kí n fi Faransé ṣe olórí ẹ̀kọ́ mi ni, àbí kí n kàn fi ṣe àfikún sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo bi olóògbé Màdáàmù Daigle bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì etí odò wa, ní àríwá ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Òun nìkan ló ṣẹ́kù tó ń kọ́ni ní Faransé níbẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Àfikún? Ṣé iyọ̀ ni Faransé? Lọ pe ìyá àgbà rẹ lórí fóònù ná!"

Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Kò ní buwọ́ lu ìwé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ Faransé, àfi kí onítọ̀hún kọ́kọ́ fi Faransé kí ìyá àgbà rẹ̀ lójú òun. Dylan Michaud, òmìrán tó ń gbá họ́kì, gbà láti pè.

"Ìyá Àgbà, ṣé dáadáa lẹ wà?"

Ìyá náà figbe ta. "Yéè! Ta ló kú?"

Lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà ló ń bára wọn sọ Faransé. Ibi ìsìnkú nìkan lọmọdé ti ń dán an wò. Kí Dylan tó ṣàlàyé, ìyá ti já fóònù. Kò pẹ́ tó fi dé pẹ̀lú àlùfáà àti ìkòkò ọbẹ̀ adìyẹ ńlá.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Màdáàmù wí, "ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọbẹ̀ yẹn padà."

Lọ́dún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló ní. Bí ìyẹn ò bá wá, á máa kọ́ àwọn àga tó ṣófo. Ó ní wọn kì í sùn ní kíláàsì.

Ní tèmi, n kò rí ẹni pè lọ́jọ́ ìbẹ̀wò yẹn. Ìyá àgbà mi ti kú, ojú sì tì mí láti sọ ọ́, ni mo bá lọ láìgba ìdáhùn.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n fi fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́, mi ò sì tíì mọ ohun tí n ó kọ síbẹ̀. Mo lọ bá Màdáàmù nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ti gbé e lọ. Òun nìkan ló jókòó lójú fèrèsé, tó ń wo yìnyín. Mo wá sọ fún un pé ìyá àgbà mi ti kú tipẹ́.

"Mo mọ̀. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ìwọ ni mò ń retí kí o sọ ọ́."

Ní yàrá kejì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Léonide ń fi Faransé tọrọ omi. Nọ́ọ̀sì kan tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ wọlé. Ó rẹ́rìn-ín sí bàbá, ó tún bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó sì jáde. Bàbá tún tọrọ omi.

"Láti àárọ̀ ni," ni Màdáàmù wí. Ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò gbé e mọ́ láti lọ bu omi náà.

Mo dìde, mo bu omi fún bàbá. Ó mu ife méjì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, mo sì ń fi Faransé dá a lóhùn bí mo ṣe mọ.

Nígbà tí mo padà, Màdáàmù ti fa fọ́ọ̀mù náà yọ nínú báàgì mi.

"Nọ́ọ̀sì ni kí o fi ṣe olórí," ó ní. "Kí Faransé jẹ́ àfikún. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ."