Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tó Ga Ju Àbúrò Lọ

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àbúrò Agbẹ̀bí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń jẹ, síbẹ̀ ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ agbẹ̀bí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kò bí i nínú rí. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé láti ìgbà tí òbí wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n ga bí òpó iná, Àbúrò kúrú bí ẹni pé ilẹ̀ ń fà á mọ́ra. Bí Ẹ̀gbọ́n bá gun kẹ̀kẹ́ dúdú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, Àbúrò á jókòó sẹ́yìn, á di ìbàdí rẹ̀ mú, wọ́n á máa rojọ́ lọ.

Àfi bí Ẹ̀gbọ́n ṣe lọ sílé ọkọ lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Káfíńtà kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló rí i tó ní òun fẹ́, Ẹ̀gbọ́n sì ní kò burú. Ilé ọkọ náà jìnnà, ilẹ̀ a máa mọ́ kó tún ṣú kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Àbúrò fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìyàwó, ó sì rán an dáadáa. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wọlé, ó bá bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n tẹ́ tónítóní tí ẹnikẹ́ni ò ní sùn sí. Ká ní ikú ló mú Ẹ̀gbọ́n lọ ni, aládùúgbò ì bá wá jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ta ní í bá èèyàn kẹ́dùn ìgbéyàwó? "Ẹ kú oríire" ni wọ́n ń kí i. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Á kárí o."

Kẹ̀kẹ́ nìkan ni Ẹ̀gbọ́n ò lè gbé lọ. Ó fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé títí òjò fi pa á. Lọ́jọ́ kan, Àbúrò rò ó pé òun náà lè máa gùn ún. Ó gorí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù dirodiro bíi ti ọmọdé lórí àga àgbà. Ó wá sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì tó fún òpó ìjókòó lọ́rùn, kí ó lè tì í wálẹ̀. Nọ́ọ̀tì tú. Òpó ò mira. Ìpata ti so irin pọ̀ mọ́ irin. Ló bá mú hámà.

Ariwo yẹn ló gbé Ọ̀gá Wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójúde, wá.

"Àbúrò Agbẹ̀bí, kí ni kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ yín?"

"Ìjókòó rẹ̀ ni kò sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ gbé e wá kí n gé òpó yẹn dànù. Kíá ni."

"Rárá o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gé nǹkan kan lára ẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó, kò bi í nídìí. "Ó dáa. Ẹ máa kán epo sí ẹnu ibi tí òpó ti wọlé, kí ẹ jẹ́ kó mu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi gbígbóná sí ìta irin. Ẹ má fà á sókè o. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń pa àmúkùrù tó bà síbi tí ẹ̀yin náà mọ̀."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọlé, ó ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ àmúkùrù náà fún bẹ́ẹ̀dì kejì kí ó tó rántí pé kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún.

"Àbúrò, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Àǹtí." Kò tíì fi nǹkan kan kanu.

"Kí lò ń ṣe?"

"Aṣọ ni mò ń rán."

Ohùn ọkùnrin kan ń pe ìyàwó lẹ́yìn lọ́hùn-ún. "Mò ń bọ̀," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Àǹtí. Ẹ máa lọ."

Ó ń kán epo, ó ń dúró. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á di kẹ̀kẹ́ mú, ẹnì kejì á yí ìjókòó. Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́nì kan, ó ti kẹ̀kẹ́ wọ yàrá, ó há a mọ́ àárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ó fi àjákù aṣọ dè é mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó da omi gbígbóná sí i, ó gbá ìjókòó mú, ó yí i. Irin ké. Ó sinmi, ó tún yí i. Omi pupa ń ṣàn jáde lẹ́nu irin. Bó ṣe ń yí i lọ yí i bọ̀, òpó yọ lójijì, Àbúrò sì fi ìdí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbọ́n, tòun ti ìjókòó kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bí ìgbákọ ńlá.

"Àǹtí, ó ti yọ!"

Ibẹ̀ ló ti sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi pépà oníyanrìn ha òpó náà, ó fi gíríìsì pa á, ó tì í wọlé títí ó fi bá ìbàdí tirẹ̀ dọ́gba. Ó gùn ún, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Nígbẹ̀yìn, ó gun kẹ̀kẹ́ dé ìpẹ̀kun àdúgbò, ó sì padà wá. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí, mo ti rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín wálẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bi í, "Ta ló bá ẹ yọ ọ́?"

"Èmi nìkan ni."

"Ìwọ nìkan," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Kẹ̀kẹ́ ẹ ni, Àbúrò. Rọra máa gùn ún."

Láti ìgbà náà, òun ló ń gbé aṣọ lọ bá àwọn oníbàárà nílé. Àwọn mìíràn a ní kó jókòó, a bu omi fún un, a bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀nà àlọ ò ni ín lára mọ́. Àbọ̀ ni kò tíì mọ́ ọn lára, nígbà tó bá ku bíi ilé mẹ́ta kó délé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ fúnra rẹ̀.