Ẹ̀yìn Alfa Ni Mo Kọ́kọ́ Mọ̀

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òórùn kan máa ń wà létí dáàmù odò Erinlẹ̀ láàárọ̀: ẹrẹ̀ tútù, koríko tó ti rà sínú omi, àti èéfín ẹja tí àwọn apẹja ń yan lókèèrè. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, ọwọ́ mi á ká bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú. Ìwọ náà mọ̀ pé káfíńtà ni mí, n kì í ṣe apẹja, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ omi í wẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀.

Tíṣà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìlobù tiwa níbí, ló ra ọkọ̀ pákó àlòkù kan tí wọ́n fi ń díje lórí omi. Ọkọ̀ náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́; ẹni mẹ́rin ní í wà á, ẹnì karùn-ún á máa darí wọn. Ìgbà tí Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe tíṣà náà, ń kàwé nílùú òyìnbó ni wọ́n kọ́ eré náà. Wọ́n ní kí n wá tún àwọn ìjókòó inú rẹ̀ ṣe, torí ìjókòó ọ̀hún kì í dúró lójú kan. Táyà kéékèèké ló wà lábẹ́ wọn, wọ́n ń yí lọ yí bọ̀ lórí irin. Mo bi Màmá pé kí ni ìjókòó ń rìn kiri fún nínú ọkọ̀. Wọ́n wo apá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Jókòó síbẹ̀, wàá rí i."

Bí mo ṣe di ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Wẹ́dà kan àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan, àwọn méjèèjì ará Ìlobù, ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ẹnì kẹrin ni Alfa, ará Ìfọ́n, tó ń rán fìlà l'Óṣogbo lọ́sàn-án, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú nírọ̀lẹ́. Ó ti lé lógójì ọdún, ó tín-ín-rín. Dókítà ló ní kó máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nǹkan àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé a kì í kọjú síbi tí à ń lọ. Ẹ̀yìn la fi ń lọ. Màmá tó ń darí wa nìkan ló ń rí iwájú. Èkejì ni pé ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èèyàn á ká orúnkún, ìjókòó á yí síwájú, yóò ti àjẹ̀ bọ omi, yóò fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá nà tán ni apá á tó fà. Àjẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán bó bá ń wọmi, kó sì sùn pẹlẹbẹ bó bá ń padà bọ̀ lókè omi. Bó bá wọmi lódì, omi á gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́, igi rẹ̀ á sì gbá ọ níhà. Ó gbá mi lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn.

Ìjókòó tó kọjú sí Màmá gan-an ni ìjókòó ẹni tí gbogbo yòókù ń tẹ̀ lé. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Mo fa omi bí ẹni ń fa ayùn, àwọn yòókù ò bá mi, ọkọ̀ ń ta gìrì. Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá gbé Alfa síbẹ̀, wọ́n fi mí sẹ́yìn rẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, mo lágbára ju Alfa lọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwọn kì í yí padà. Máa wo ẹ̀yìn wọn."

Díẹ̀ ló kù kí n má lọ mọ́. Ìyàwó mi ló fi mí rẹ́rìn-ín: "Ṣé torí ìjókòó tí ẹ fọwọ́ ara yín tún ṣe lẹ ṣe ń bínú?" Mo padà lọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn Alfa nìyẹn, láràárọ̀, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì aró tó ti ṣá. Mo mọ bí èjìká rẹ̀ òsì ṣe máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gbéra. Mo mọ ìgbà tó ń mí sínú. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́, mo bi í. Ó ní, "Sùbúhánàlláhì ni mò ń kà, ọ̀kan fún àjẹ̀ kan." Ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi í yí padà nìyẹn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọkọ̀ wá ń yọ̀ lọ lábẹ́ wa jẹ́jẹ́. Mi ò tíì gbádùn nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà yẹn ni ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tún le. Ọ̀nà ò ṣe é rìn, oníkálukú jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la ò fi rí Alfa. Nígbà tí ara rọ̀, ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí gbogbo wa, ó rẹ́rìn-ín, a gbé ọkọ̀ sómi. Àjẹ̀ tí a kọ́kọ́ fà ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Èjìká rẹ̀ ò lọ sílẹ̀ mọ́, ó le gbandi. Mi ò gbọ́ Sùbúhánàlláhì kankan.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo lọ bá a. "Alfa, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yìn yín ni."

Ó jókòó sórí koríko. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tí a ò ríra yẹn. Ó ní òun ò sọ fún wa torí òun ò mọ̀ bóyá ará Ìlobù á fẹ́ gbọ́. Ó dùn mí, mo jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá kó àwa mẹ́ta lọ sí Ìfọ́n. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí bí a ṣe ń wọ̀lú. Nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí bi wá níbi tí a ti wá, tí Màmá sì dáhùn pé Ìlobù ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́hun á forí jìn wọ́n." Ìyá àgbà kan ní, "Àmín. Dìde, ọmọ mi," ó sì tẹ́ ẹní fún wa. Alfa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọkọ̀ méjì wá láti ibòmíràn wá bá wa díje. Ní àárín eré, ọ̀kan tí mo ti ń rí lẹ́yìn wa sún mọ́ wa, ó dé ẹ̀gbẹ́ wa, ó sì ń kọjá. Apá ń yún mi kí n fà á tagbáratagbára. Mo wo èjìká Alfa, mo bá a lọ bó ṣe ń lọ. Ipò kejì la ṣe. Màmá ń jó nínú ọkọ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n da gbogbo wa nù.

Mo ti lérò pé agbára mi ni mo gbé lọ fún wọn níbẹ̀. Ohun tí mo gbé bọ̀ ni pé èèyàn lè jókòó sẹ́yìn ẹnìkan, kó mọ̀ ọ́n dé ibi tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ò ti ní lè pamọ́ fún un. Mo ti ń gbìyànjú láti mọ ìyàwó mi bẹ́ẹ̀, àti àwọn ọmọ mi. Kò rọrùn bíi ti orí omi, nítorí nínú ilé, ojú la máa ń wò, ojú sì mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín.