Bàbá Mi Nísàlẹ̀ Abọ́

Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ fọ́tò bàbá mi sínú abọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́.

Nígbà tí bàbá kú, tí à ń múra àtilọ sin wọ́n l'Ékìtì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí wọ́n tẹ fọ́tò wọn sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ike tá a máa pín fáwọn èrò, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Mo ní rárá, ìsàlẹ̀ inú ló dáa. Ẹni tó bá jẹun tán á rí bàbá.

"Ìwọ àti ọgbọ́n orí ẹ yìí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìwé ò wọ orí mi, mo ti tètè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ike kan l'Órégùn ni mo ti ń jẹun láti ogún ọdún. Tọ́rọ̀ abọ́ bá délẹ̀, èmi ni pùròfẹ́sọ̀. Wọ́n gbà fún mi.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, táyà ẹ̀yìn máṣíìnì mi jò ní Ìfàkọ̀. Mo tì í dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan. Ó yọ túùbù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ omi kan tí ọ́ìlì bò, kó lè rí ibi tó ń jò. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Bàbá mi ló ń wò mí láti ìsàlẹ̀ omi. Omi sì ń hó lókè ẹnu wọn gan-an, bí ẹni tó ń mí. Bàbá tí kò rí èémí mí dáadáa títí wọ́n fi kú!

Mo fò sẹ́yìn, mo ṣubú lu àwọn táyà.

"Ọ̀gá, kí ló dé? Ejò ni?"

"Bàbá mi ni!"

Ó wo ọ̀nà, bóyá àgbàlagbà kan ń bọ̀. "Níbo?"

"Nínú omi yẹn!"

Ó wo abọ́, ó wò mí, ó wá ṣí fìlà. Ó ní wọ́n fún ìyàwó òun ní abọ́ náà níbi ìsìnkú kan ni. "Àràárọ̀ ni mo ń kí wọn kí n tó bu omi lé wọn lórí. Bíṣẹ́ ò bá yá, màá ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán ìṣó sójú títì."

"Bàbá mi ló wá rán ìṣó sí mi?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mi ò mọ̀ pé ọmọ wọn lẹ jẹ́."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ bàbá mi rí ń kí wọn láràárọ̀. Èmi tí wọ́n bí, látọjọ́ tá a ti sin wọ́n, mi ò kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kan lára abọ́ náà ò sì sí nílé mi. Mo pín gbogbo ẹ̀ tán, káyé lè pè mí ní ọ̀lawọ́.

"Mo fẹ́ mú bàbá mi lọ sílé," mo ní.

"Ẹ mú abọ́ míì wá fún mi lọ́la. Mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé wọn lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí."

Gbólóhùn yẹn ló yẹ kó dẹ́rù bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé abọ́ tuntun dé. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ti bàbá mú, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Abọ́ ń dán. Ọṣẹ ò ran ọ́ìlì, ló bá fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Bẹntiróòlù kó ọ́ìlì lọ, ó kó bàbá mi mọ́ ọn. Fìlà wọn àti etí kan ló kù.

"Ọ̀gá, mo ti pa bàbá yín."

"Wọ́n ti kú tẹ́lẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí? Bẹntiróòlù la fi ń nu ọ̀dà tá a fi ń tẹ fọ́tò kúrò lára ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ wa, lójoojúmọ́, fún ogún ọdún. Pùròfẹ́sọ̀ ò rántí sọ pé kó má fi kàn án.

Mo gba abọ́. Ẹnu ò sí mọ́, ojú ò sí mọ́. Etí ṣì wà. Mo gbé e sún mọ́ ẹnu mi.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o."

Fọkanáísà náà dọ̀bálẹ̀, ó bá mi kí wọn.