Wajawaja Etí Ìborùn

Ní Mowo, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Akínlóyè aránṣọ kì í jẹ́ kí òwú kan ṣoṣo yọ lára iṣẹ́ rẹ̀. Nurat, tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Ìtùnú, bí òbúkọ bá kọjá níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé irùngbọ̀n rẹ̀ o." Akínlóyè a rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì tún mú àlùmọ́gàjí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Ìtùnúolúwa ọmọ rẹ̀ gbé ìborùn dúdú kan dé láti yàrá tó háyà ní Otto, níbi tó ti ń kàwé. Ìborùn náà ni yóò fi ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọnà ní agogo méjì ọ̀sán. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni òpin.

Irú rẹ̀ ni àwọn obìnrin gúúsù ilẹ̀ Sípéènì máa ń dà sí èjìká. Ó ti ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé láti ilẹ̀ Ṣáínà ni aṣọ náà ti wọkọ̀ òkun dé ọ̀dọ̀ wọn, pé wọ́n sọ ọ́ di tiwọn, tí àwọn ayàwòrán ń yà á, tí àwọn aránṣọ ilẹ̀ Faransé sì ń wò ó rán ẹ̀wù ìgbàlódé. Òun náà sọ ọ́ di ti Badagry: dípò òdòdó, igi àgbọn ló fi òwú pupa kọ sí i lára.

"Bàbá mi, ẹ bá mi tún etí rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ sáré ra háńgà lọ́jà Àgbálátà."

Òwú gígùn tó lọ́ mọ́ra ló yí etí ìborùn náà ká. Ohun tí ọmọ ní lọ́kàn ni pé kí bàbá fi òòyà tú u. Ohun tí aránṣọ gbọ́ ni ohun tó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ṣẹ́ etí aṣọ náà yípo, ó sì lọ̀ ọ́. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà rí.

Nígbà tí Ìtùnú dé, ó yí aṣọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá mi, wajawaja rẹ̀ dà?"

"Wajawaja wo?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán obìnrin kan hàn án: ìborùn lọ́rùn, òwú tó so kókó bí àwọ̀n ń jábọ́ dé orúnkún.

"Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́ta ni mo fi so ó. Orí rẹ̀ ni ìdajì máàkì wà."

Nurat tó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ yí padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

"Mo lè so ó padà," ni Akínlóyè wí.

"Ó ti kúrú jù, bàbá mi."

Ìtùnú ká ìborùn náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá mi." Ọ̀nà ilé ló gbà, kò gba ọ̀nà Otto.

Akínlóyè ṣa òwú náà jọ. Ó so èyí àkọ́kọ́ mọ́ etí aṣọ. Kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Ó so èkejì. Agogo méjì kọjá, ó ṣì ń so ó.