Ìlà Àkọ́kọ́ Nínú Fáìlì Bàbá Mi

Èdè tí wọ́n ń pè ní Lisp ni mo fi ń pàṣẹ fún kòńpútà níbi iṣẹ́ mi ní Kokomlemle, nílùú Accra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èdè àwọn arúgbó ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Arúgbó kan ni mo kúkú fẹ́ lò ó fún.

Bàbá mi ni alfa tó ní ilé kéú lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé wa ní Mamobi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Á sún wàláà mọ́ imú, á tún gbé e jìnnà, pàbó ni. Ohun tó ti há sórí ló ń kà. Ọmọ lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀, Bàbá ò ní mọ̀. Àwọn òbí sì ti ń fura. Ó wá sọ fún wọn pé tí òun ò bá rí ìwé kà lórí kòńpútà tí mo ń tò fún òun, tó bá di àárọ̀ Sátidé, òun á fa àwọn ọmọ lé alfa mìíràn lọ́wọ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ ohun tí yóò kù lára bàbá mi tí kò bá kọ́ ọmọ mọ́.

Nígbà tí a bá tan Lisp, kó tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń kọ́kọ́ ka fáìlì kan tí ẹni tó ń lò ó ti kọ sílẹ̀ dè é. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò ṣe. Nínú ti Bàbá, mo kọ ọ́ pé kí ojú kòńpútà dúdú, kí lẹ́tà funfun, kó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kó sì ṣí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, tí èmi fúnra mi ti tẹ̀ sínú rẹ̀. Mo tún lẹ lẹ́tà Lárúbáwá gàdàgbà mọ́ àwọn bọ́tìnnì. Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo ṣí fáìlì náà hàn án.

“Ṣé gbogbo ohun tí a bá kọ síbí ló ń kà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Láti òkè dé ìsàlẹ̀.”

Ó mi orí pé ó ti yé òun. Mo fi kòńpútà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo lọ ro tùwó.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ wà lórí ẹní, àwọn òbí fara ti ògiri, àwọn mìíràn ń mu ẹ̀kọ kókò. Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Ojú kòńpútà funfun báláú, lẹ́tà rẹ̀ ò ju èèrà lọ, ó wá ń fi Òyìnbó ráhùn nísàlẹ̀.

Ìyá ọmọ kan, tí wọ́n bí sí Accra níbí, ló kọ́kọ́ fi àdàlù Yorùbá, Twi àti Òyìnbó tù ú nínú. “Alfa, ẹ má worry, wai. Ẹ ti try paa.”

Bàbá mi ká ọwọ́ rẹ̀ sínú jalabíà. Inú bí mi sí obìnrin náà, inú bí mi sí ẹ̀rọ, inú wá bí mi sí ara mi jù.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń tan Lisp pé kó má ka fáìlì kankan. Mo tàn án bẹ́ẹ̀. Kò ráhùn. A jẹ́ pé inú fáìlì ni àléébù wà. Mo ṣí i. Lókè pátápátá, lórí gbogbo ohun tí mo kọ, Bismillah wà níbẹ̀, odindi.

“Bàbá, ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni. Ìwọ lo ní òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ alfa kọ̀wé, kò fi Bismillah ṣáájú! Ojú ń tì mí fún ọ.”

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé Lisp ń wá ohun tí a ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́, kò rí i, ló bá dúró. Mo fi àmì kékeré kan síwájú ìlà náà.

“Ṣé yóò kà á báyìí?”

Mi ò lè purọ́ fún un níwájú àwọn ọmọ kéú rẹ̀. “Yóò fò ó ni, Bàbá.”

“Kó fo orúkọ Ọlọ́run? Pa á. A ò ṣe mọ́.”

Orí kunkun rẹ̀ ni mo jogún, èmi náà ò pa á. Mo yọ àmì náà, mo wá fi Bismillah sínú àṣẹ tuntun: kó kọ́kọ́ gbé e sójú, kó dúró títí Bàbá yóò fi kà á, lẹ́yìn náà kó ṣí ẹ̀kọ́.

Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Ojú kòńpútà dúdú, Bismillah sì yọ gbàǹgbà. Ó kà á, àwọn ọmọ gbè é. Ẹ̀kọ́ jáde. Ó ka ìlà kan, ó ka ìkejì. Ó dúró lórí ìkẹta. Mo rò pé ojú rẹ̀ ti kọ̀.

Ó na ìka sí ojú kòńpútà.

“Ta ló tẹ eléyìí? Ẹ̀ ń fi odindi àáyà Kùránì kan sílẹ̀, ẹ rò pé mi ò ní rí i?”

Omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi ti ríran.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Wá jókòó sórí ẹní.”

Obìnrin tó tu Bàbá nínú lẹ́ẹ̀kan sún ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi, mo sì jókòó.